Bàbá Òjé àti Kúákì Tó Tú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025
Beulah, tí a jọ ń ṣe ìwádìí, ti kó lọ sí Abuja. Báńkì gbà á síṣẹ́. Ó wá ku èmi àti Bàbá Òjé nìkan lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní gbogbo Zaria. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adédìran, olùkọ́ mi, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀: láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí pírótọ́ọ̀nù, èérún inú átọ́ọ̀mù, bá fi eré burúkú kọlu òjé.

Ọjọ́rú, 5
Mujeebat, ará ilé mi ní Muchia níbí, bi mí kí ni mo ń wò nínú kọ̀ǹpútà látàárọ̀. Mo ní bí pírótọ́ọ̀nù àti òjé bá kọlura, èérún wúwo méjì tí à ń pè ní kúákì lè jáde, kí wọ́n so mọ́ra. Òmíràn so pinpin: Pinpin ni mo ń pè é. Òmíràn kàn rọra so: Dẹ̀dẹ̀. A fẹ́ mọ iye tó la inú òjé já láìtú.
Ó ní, "To, ó dáa. Ṣé o rí wọn?"
Rárá. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ńlá lókè òkun ló ń rí wọn. Èmi ń ṣírò.
Ó bu túwó sílẹ̀ fún mi, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ìṣirò Bàbá Òjé ní bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe máa dín kù. Èyí tí wọ́n rí lókè òkun kò rí bẹ́ẹ̀: Dẹ̀dẹ̀ ń tú ju Pinpin lọ. Mo tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ibì kan náà ló já sí. Ìgbà náà ni mo rí i pé Bàbá fo àwọn èérún tó ń bá wọn rìn jáde, tó ń gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣirò yẹn ló sì sọ ọ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ni kí n sọ fún?

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo sọ fún Bàbá fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ní Wusasa. Ó ní, "Ṣé o ti parí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo pè é. Kò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 13
Kò gbé e. Mujeebat ti lọ sí Kano. Mo bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè, kí ohùn èèyàn sáà wà nínú yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ẹnìkan kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án. Bàbá Òjé fúnra rẹ̀, eruku lára bàtà. Mo kúnlẹ̀. Ó jókòó sórí àga, èmi sórí bẹ́ẹ̀dì.
"Ọlámipọ̀sí, fi hàn mí."
Ó ka gbogbo ohun tí mo kọ. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Wọ́n ti pe ìrun Alásárì kó tó sọ̀rọ̀: "Orúkọ tìẹ nìkan ni kó wà lórí iṣẹ́ yìí. Tí tèmi bá wà níbẹ̀, wọ́n á ní èmi ni mo rí àṣìṣe náà."
Mo bi í bóyá inú ń bí i.
"Ó dùn mí. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́."
Mo sìn ín dé ojú títì, kẹ̀kẹ́ gbé e lọ. Mo padà wọlé, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwádìí jáde.