Màmá Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Dí Ilé Nímú

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni a ti bí Màmá Dúpẹ́olúwa Olúbọ̀wálé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1964, ní agbo ilé Abórìṣàdé, àwọn tó ń fi amọ̀ mọlé. Ìwé mẹ́fà ni Màmá kà. Ìyókù, inú amọ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ baba wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní 1989, Màmá fẹ́ Olùkọ́ Olúbọ̀wálé, tọkọtaya sì kó wá sí Òkòtà ní Èkó, Màmá sì ń fi amọ̀ mọlé níbẹ̀. Àwọn bíríkìlà ọkùnrin fi Màmá ṣẹ̀fẹ̀ títí. Nígbà tí ògiri tiwọn wó, tí ti Màmá dúró, ẹ̀fẹ̀ tán.

Ogún ọdún ni Màmá fi tọ́jú gbọ̀ngàn amọ̀ ìjọ wọn ní Ìsọlọ̀, èyí tí a kọ́ ní 1921. Ní 2024, ìjọ fẹ́ fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kún un. Àwọn olùrànlọ́wọ́ tó fẹ́ fowó sí i ní àfi kí ilé náà, àtijọ́ àti tuntun, gba ìwé-ẹ̀rí ilé tí kì í ba àyíká jẹ́, tí kì í jẹ iná jù. Bí kò bá gbà á, ìgbìmọ̀ ìjọ máa wó gbọ̀ngàn.

Kí ni ìgbìmọ̀ ṣe? Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà, pé àlejò ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Omi inú amọ̀ ò rọ́nà jáde mọ́. Kò pé oṣù kan tí ẹsẹ̀ ògiri fi ń rọ̀ bí ẹ̀kọ. Màmá gbé òòlù, wọ́n ń họ sìmẹ́ńtì dànù. Alága ìgbìmọ̀ ní Màmá fẹ́ dójú ti ìjọ. Màmá ní:

"Alàgbà, ilé yìí ti ń mí kí wọ́n tó bí yín. Ẹ má dí i nímú."

Orí àkàbà ni àwọn ayẹléwò bá Màmá. Wọ́n wọn ooru: gbọ̀ngàn tutù ju yàrá tuntun lọ, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ. Oṣù mẹ́rin ni Màmá fi retí èsì.

Àárọ̀ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 2025, Màmá jẹun, wọ́n bá Adébímpé ọmọ wọn wí pé ó ti fèrèsé, wọ́n jókòó, wọ́n dákẹ́. Adébímpé mì wọ́n, ó pè wọ́n. Orí ò fọ́ wọn, wọn ò wúkọ́! Irú kí lèyí? Ọjọ́ kejì, aago mẹ́wàá, ìwé-ẹ̀rí dé. Ìléríolúwa, àkọ́bí wọn, kà á sétí tí kò gbọ́ mọ́.

Màmá fi ọkọ sílẹ̀, àti Ìléríolúwa, Adébímpé, pẹ̀lú Tiwátọ́pẹ́ ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, ẹ gbọ́wọ́ lé ògiri. Ó tutù. Ó ń mí. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni kò mí mọ́.

Màmá, ẹ sùn re o. Adébímpé ò ní ti fèrèsé mọ́.