Oṣù Tí Kọ̀ǹpútà Mi Rí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá mi ní Kuje, l'Ékòó níbí, kí n tó mú bírò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi. Màmá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú àfojúsọ́nà. Lèmọ́mù àdúgbò wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kàn yín náà. Ìwọ Múfú, àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ìwọ ni wàá kà á sí Bàbá létí, nítorí ojú wọn. Má fo ìlà kankan o. Tó o bá dé ibi tójú ti ń tì ọ́ nítorí mi, ṣáà máa kà á lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí Ráfíátù ò fi lẹ́tà sínú àpòòwé bíi tàtẹ̀yìnwá, tó fi wá gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn. Bàbá, gbangba ni wọ́n ti fi yín ṣẹlẹ́yà. Ìwé ìròyìn yìí sì ni àwọn tó ń jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí wa máa ń yá ara wọn kà. Tí mo bá jẹ́wọ́ nínú àpòòwé, ẹ̀yin nìkan lẹ ó mọ̀. Mo sì mọ̀ yín, ẹ ó ká a, ẹ ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ ò sì ní sọ fẹ́nì kankan títí ayé.

Àlàáfíà ni mo wà. Òjò ọdún yìí pọ̀ ní Amúwo Ọ̀dọ̀fin. Bí ó bá ti rọ̀ fún wákàtí kan, ká ká ṣòkòtò sókè ló kù. Ilé íńtánẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá Fẹ́mi ní Fẹ́sítáàkì ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Bọ̀dá Fẹ́mi tí mò ń wí yìí ni ọ̀gá mi, ọmọ Fẹ́sítáàkì tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ ìjọ tó ń gbààwẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwa Mùsùlùmí lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ kọ ímeèlì sí àwọn èèyàn wọn lókè òkun. Ìyá kan máa ń wá láti Agboju lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí mo bá ka èsì ọmọ rẹ̀ fún un tán, á ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún un kà. Mo máa ń tún un kà, ara mi á sì bù máṣọ, nítorí èmi tí mo wà ní Nàìjíríà níbí, mo lè lo oṣù méjì láì kọ ohunkóhun sílé.

Ilé tí mò ń gbé tó yàrá mẹ́wàá. A máa ń kí ara wa nídìí omi, ó parí síbẹ̀. Ìdánìkanwà yẹn ló mú kí n fẹ́ràn kọ̀ǹpútà kan ju bó ṣe yẹ lọ. Tòkunbọ̀ ni, láti Amẹ́ríkà. Kò yára tó fún iṣẹ́ mọ́, Bọ̀dá Fẹ́mi wá ní kí n máa gbé e lọ sílé. Ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ kò pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Mo bá fọ́tò ajá rẹ̀ níbẹ̀, mo sì bá ètò kan tó ń fi ojú ọ̀run hàn. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ilẹ̀ á wà nísàlẹ̀, sánmọ̀ á wà lókè, àwọn ìràwọ̀ á tò síbẹ̀ tàwọn torúkọ wọn. Ẹ lè ní kó fi ọ̀run ọ̀la hàn yín, tàbí ti ọjọ́ tí wọ́n bí yín, á sì yí i padà wéré.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti iná ojú pópó kì í jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ rí ìràwọ̀ níhìn-ín. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń wò wọ́n. Mo rí Àgùàlà tó máa ń bá oṣù rìn tí wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Mo rí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tẹ́ ẹ sọ fún mi pé adìẹ ni àtàwọn ọmọ rẹ̀. Orúkọ òyìnbó ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n mo dá a mọ̀, mo sì sunkún lórí àga lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bàbá. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹ̀yin sì ni àdúgbò gbójú lé láti máa wo oṣù ààwẹ̀ fún wọn, bàbá yín ló fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ máa ń mú mi gun àpáta tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ẹ ó ní kí n má wo oòrùn fúnra rẹ̀, kí n wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wọ̀ sí. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí i. Tí mo bá tọ́ka sí i, ẹ ó wá a títí ẹ̀yin náà á fi rí i, kẹ́ ẹ tó lọ jẹ́rìí níwájú Lèmọ́mù. Ká tó sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa ń sọ fún mi: ẹni tí kò rí oṣù, kó ní òun ò rí i, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Nígbà tí mo dé Èkó, ọdún méjì ni mo fi ń wálé ní ìparí ààwẹ̀ nítorí iṣẹ́ yẹn nìkan. Ní èṣí mi ò wá. Mo sọ fún yín pé iṣẹ́ pọ̀. Irọ́ ni. Bọ̀dá Fẹ́mi ti yọ̀ǹda mi. Ó tiẹ̀ ní àh-àh, Ráfí, ọdún yín ti dé, lọ kí dádì ẹ jàre. Ọ̀nà jíjìn ló sú mi. Mo tún rò ó pé kí ló máa gbé mi wọ mọ́tò láàárọ̀ kùtù nítorí oṣù tí mo lè rí lórí tábìlì mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, mo ṣí ètò náà, mo sún aago rẹ̀ sí àṣálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù wà níbẹ̀, tín-ín-rín, ó ga díẹ̀ sókè ilẹ̀ ní apá òsì ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Mo pe Múfú. Ó sáré gun àpáta kí fóònù rẹ̀ lè gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin náà sì tẹ̀ lé e. Mo ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, oṣù máa lé nírọ̀lẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà ti rí i. Mo sọ ibi tẹ́ ẹ máa wò. Ẹ bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo ní àwọn tó ṣe nǹkan yìí kì í fi ojú lásán wo ọ̀run bíi tiwa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ní kọ̀ǹpútà, mo sì rò pé mo ti ní àkísà.

Ohun tó tẹ̀ lé e, Múfú ló rò fún mi. Ó ní òun wò títí, òun ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin wo ibi tí mo júwe fún yín, ó pẹ́, ẹ wá ní ẹ rí nǹkan kan bíi fọ́nrán òwú funfun. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́rìí. Rédíò ní wọn ò rí oṣù níbì kankan. Ṣùgbọ́n àdúgbò wa ní ẹ̀rí Bàbá tó àwọn, nítorí ẹ ò ṣìnà rí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn wa kírun ọdún, wọ́n jẹ, wọ́n mu, nígbà tí àwọn àdúgbò yòókù ṣì wà nínú ààwẹ̀. Àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn ni oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ. Ó tín-ín-rín débi pé ọmọdé gan-an mọ̀ pé oṣù ọjọ́ kìíní ni. Lèmọ́mù ní kí gbogbo ẹni tó jẹun san ààwẹ̀ ọjọ́ kan padà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè yín ní Bàbá Olówùú.

Mo bínú sí kọ̀ǹpútà náà, mo gbé e padà lọ bá Bọ̀dá Fẹ́mi, mo ní ó parọ́ fún mi. Ó wò ó, ó bi mí pé ta ló sọ fún un pé Nàìjíríà ni mo wà. Ó tẹ ibì kan, orúkọ ìlú kan ní Amẹ́ríkà jáde. Ó ní Ráfí, o ò ṣéńjì lokéṣọ̀n ẹ̀. Sánmọ̀ ilé ẹni tó ni ín lo ti ń wò látọjọ́ yìí. Ó ṣàlàyé fún mi pé wákàtí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ lọ́dọ̀ wa ló ń wọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Láàárín wákàtí mẹ́sàn-án yẹn, oṣù kò dúró, ó ń jìnnà sí oòrùn sí i. Oṣù tí wọ́n máa rí nírọ̀lẹ́ tiwọn ti dàgbà ju tiwa lọ. Ó yí i sí Nàìjíríà, ó dá aago padà sí ọjọ́ náà. Oòrùn wọ̀, oṣù sì bá a wọlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Kò sí nǹkan kan tí ojú ẹnikẹ́ni ì bá rí lórí àpáta yẹn. Àwọn ìràwọ̀ tí mo sunkún sí gan-an, orí òrùlé ẹlòmíràn ni wọ́n wà.

Ibi tó ń dùn mí jù ni mo dé yìí. Múfú, máa kà á lọ.

Ọjọ́ kẹta tí mo mọ òtítọ́ yìí lẹ pè mí. Ẹ ò bínú. Ẹ rọra bi mí pé kọ̀ǹpútà yẹn ńkọ́, ṣé òun náà lè ṣàṣìṣe. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo ronú kan bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, àti bí wọ́n ṣe máa ní ọmọbìnrin Bàbá tó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó kò mọ ibi tóun wà. Mo ní rárá o, Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe, bóyá ojú yín ni. Ẹ wá ní ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàdúrà fún mi, ẹ dá fóònù padà fún Múfú.

Láti èṣí ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí ti ń jẹ mí nínú. Màmá sọ fún mi pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ fi ń gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀rí èké, aṣọ yín sì ti ń tóbi jù yín lọ. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ti Ọjọ́bọ̀ níhìn-ín láì sọ fẹ́nikẹ́ni. Ìwà ojo ni, mo mọ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ni mo ń fi ebi bò mọ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Múfú wá sọ fún mi pé ẹ ti ní kí Lèmọ́mù wá ẹlòmíràn tí yóò máa wo oṣù, pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, inú ilé lẹ máa ń wọ̀. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Lèmọ́mù wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka èyí jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá mi ò parọ́. Èmi ni mo sọ fún wọn pé oṣù wà níbẹ̀, wọ́n sì gba ọmọ wọn gbọ́ débi tí ojú wọn fi rí i. Tí ààwẹ̀ ẹ̀rí èké bá wà láti gbà, ọrùn mi ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn.

Kọ̀ǹpútà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, òun kọ́ ló jẹ̀bi. Mo ti tẹ orúkọ ìlú wa sí i. Ní oṣù tó kọjá, ó ní oṣù tuntun máa hàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo pa á, mo lọ dúró létí kànáà, odò tí wọ́n gbẹ́ gba àdúgbò wa kọjá, mo wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn wọ̀ sí bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Ìkùukùu pọ̀. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé mi ò rí i. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kọjá wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

Bàbá, mò ń bọ̀ wálé kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, mi ò sì ní gbé kọ̀ǹpútà wá. Ẹ jẹ́ ká jọ gun àpáta. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé mi léjìká. Tí mo bá rí i, màá tọ́ka. Tí mi ò bá rí i, màá sọ fún Lèmọ́mù àti gbogbo àdúgbò pé mi ò rí i.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí i fún yín, kó jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kó má sì jẹ́ kí n dé bá àìbá. Màmá, ẹ bá mi fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní Ráfíátù ló ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tó ń jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí, títí kan ẹni tó kọ́kọ́ pè yín ní Bàbá Olówùú.

Ojú yín kọ́, Bàbá. Èmi ni.

Ọmọ yín,
Ráfíátù