Màmá Díẹ̀díẹ̀: Wọn Kò Ba Òróró Ẹnikẹ́ni Jẹ́

Ọdún 1949 ni a bí Màmá wa, àkọ́bí káfíńtà àti aránṣọ, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Ọmọ méjì péré ni àwọn òbí wọn bí. Èkejì ni àbúrò wọn ọkùnrin, tó jókòó sáàárín yín níbi ìsìnkú yìí lónìí.

Bàbá wọn kú ní 1966. Màmá ń kàwé, wọ́n ń ránṣọ. Owó aṣọ yìí ni wọ́n fi ran àbúrò wọn níwèé títí ó fi di ẹnjiníà. Màmá fúnra wọn gboyè ní 1973. Wọ́n sì ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, awakọ̀ ojú irin, ní 1975.

Ní 1980, ilé iṣẹ́ òróró gbà wọ́n síṣẹ́. Wọ́n ń sin irú ohun funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu. Oje rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ló ń sọ òróró di dísẹ́ẹ̀lì tí a bá fi mẹtanọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń da mẹtanọ́ọ̀lù sí i. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á pa oje náà. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ wọ́n ní Màmá Díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní bí Màmá bá ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ilẹ̀ á ṣú kó tó dùn.

Màmá ló mú àbúrò wọn wọ ilé iṣẹ́ náà. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀gá wọn. Ní 1988, àwọn olówó ń bọ̀ wá wo iṣẹ́, ara ọ̀gá kò sì gbà á mọ́. Nígbà tí Màmá lọ jẹun, ó ní kí wọ́n da gbogbo mẹtanọ́ọ̀lù sínú táǹkì lẹ́ẹ̀kan. Níṣojú àlejò, òróró ṣì jẹ́ òróró. Ó nàka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n sìn ló ti kú tẹ́lẹ̀. Wọ́n lé Màmá lọ. Òun gba ìgbéga.

Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irọ́ ni. Iṣẹ́ Màmá bàjẹ́.

Òṣìṣẹ́ tó ṣí kọ́ọ̀kì táǹkì lọ́jọ́ náà ló sọ òtítọ́ fún wa lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì. A bi Màmá. Wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, àbúrò mi ni.” Wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n tu itọ́ funfun jáde. Wọ́n ń fi òróró àjẹkù ṣe ọṣẹ nílé ìdáná, wọ́n sì kọ́ àwọn opó ìjọ ní iṣẹ́ náà. Ìjókòó kan náà ni àwọn àti àbúrò yìí ń jókòó sí nínú ìjọ. Kò bi wọ́n rí bóyá wọ́n jẹun. Màmá dárí jì í. Àwa kò tíì dárí jì í.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, nọ́ọ̀sì, wẹ́dà àti olùkọ́, ọmọ-ọmọ méje, àti àbúrò kan. Ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ létí sàréè. Kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tó pa oje inú táǹkì. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí ó jókòó.

Ìyá wa, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń ké “ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi” lókè orí yín, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ti dìde fún un tó. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ sùn re o.