Ilà Ara Ọkùnrin Abẹ́ Igi

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi lóṣù tó kọjá, ó sì yọrí sí rere. Ohun tí mo fi ojú náà rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àwòrán tí àlùfáà òyìnbó fi ta yín lọ́rẹ nítorí igbá tí ẹ fín fún un ṣì wà: ọkùnrin oníhòòhò tó jókòó sábẹ́ igi ńlá. Iṣẹ́ ìgbà tí àwọn òyìnbó ń pè ní Bàrókì ni, ó ti lé ní igba ọdún sẹ́yìn. Ara àwo bàbà ni wọ́n ti ń fín irú rẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lábẹ́ òkè Mápó, ẹ kì í mú ọ̀bẹ iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ fi etí bùbá yín nu gíláàsì rẹ̀.

Ẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ máa ń ka àwòrán náà fún wa. Lójú yín, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín sí ọkùnrin náà lára jẹ́ ilà tó kọ, bí àbàjà ojú yín. Igi náà sì kọ irú kan náà. Nítorí náà, ọmọ baba kan ni wọ́n.

Nígbà tí mo ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nítorí yín. Lẹ́yìn náà ni mo fi Yorùbá kọ́ yín, bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé, pé òjìji lásán ni àwọn ìlà wẹ́wẹ́ náà ń fi hàn, kì í ṣe ilà.

Ẹ kò nu gíláàsì náà mọ́. Ẹ kò sì ka nǹkan kan fún mi mọ́ títí ẹ fi jáde láyé.

Lánàá, mo yẹ àwòrán náà wò fínnífínní. Ilà tó bẹ̀rẹ̀ ní èjìká ọkùnrin náà kò dúró níbi tí ara rẹ̀ parí sí. Ó wọ inú èèpo igi lọ tààrà. Ọ̀bẹ kò gbéra rárá. Ẹ ti rí i láti ọjọ́ yìí wá. Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí?

Ẹ kò jẹ́ kí wọ́n kọlà fún mi, kí ojú má baà tì mí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo wo jígí lónìí. Mo wá ibi tí ilà yín ìbá gbà wọ ara mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń dán, Bàbá. N kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ forí jì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó nífẹ̀ẹ́ yín, tí kò sì sọ ọ́ lásìkò.