Ìdí Tí Mi Ò Fi Wẹ Òkú Súlè

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo kí Ràfíátù àbúrò mi tí ó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ràfíátù, rọra kà á, má fo ibi kankan, ì báà dun Ìyá. Tí o bá kà á tán nílé, gbé e fún Lèmọ́mù kó kà á fún gbogbo Bantè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé wa nìkan.

Ìyá mi, Súlè ti kú. Súlè ọmọ Savalou tí a jọ wọ ọkọ̀ kúrò nílé, tí ẹ di gààrí fún bí ẹ ṣe di tèmi. Ó ti lé ní oṣù kan. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́, torí mo bẹ àwọn ará wa níbí pé kí wọ́n má ránṣẹ́, pé èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya.

Ẹ mọ̀ pé igi gedú la ń là nínú igbó Gabon yìí. Òjò ibí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Aṣọ tí mo bá fọ̀ lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ ni mò ń wọ̀ ọ́, kò sì tíì gbẹ tán. Àwa Mùsùlùmí láti Bantè, Savalou àti Tchetti kò pọ̀. A ò ní mọ́sálásí, yàrá Bàbá Lásísì ará Tchetti la ti ń kírun. Ṣùgbọ́n a ní àdéhùn kan: ẹni tó bá kú nínú wa, ará ilé ni yóò wẹ̀ ẹ́, a ó sì máa ṣe é bó bá ṣe kan kálukú. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣebí èmi ni mo máa ń pọn omi fún yín nígbà tí ẹ bá ń lọ wẹ òkú àwọn obìnrin àdúgbò, tí ẹ ó máa ṣàlàyé fún mi lójú ọ̀nà pé apá ọ̀tún ló ń ṣáájú, pé kí ọwọ́ rọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Àwọn ará abúlé kan ló rí ìnàkí tó ti kú nínú igbó, wọ́n kun ún, wọ́n sì jẹ ẹ́. Nígbà tí àìsàn dá wọn wólẹ̀, Bàbá Lásísì tó ń bá wọn gbé ló ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Láìpẹ́, ara òun náà gbóná, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ ní èrìgì rẹ̀. A pè é ní ibà. Nígbà tó kú, èmi ni ó kàn láti wẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi, mi ò lọ. Mo ní ọ̀gá kò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Irọ́ ni. Ó rẹ̀ mí ni, òjò sì ń rọ̀. Súlè ò bá mi jà. Ó fi mí rẹ́rìn-ín pé ọmọ obìnrin tó ń wẹ òkú gbogbo Bantè ló ń sá fún òkú, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó lọ wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ó ṣe é dáadáa, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ibà fi gbé òun náà ṣánlẹ̀. Mo ro ẹ̀kọ fún un, mo nu òógùn ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn elétò ìlera dé, wọ́n wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, wọ́n bo gbogbo ojú, wọ́n gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ orúkọ àìsàn náà fún mi: Èbólà. Ó ní kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, kì í sì í ṣe èpè. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni, èébì rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀, òógùn rẹ̀. Ó ní ti òkú ló burú jù, pé ẹni tó bá fọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́ ń fọwọ́ ara rẹ̀ gba àìsàn náà. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọjọ́ karùn-ún ni Súlè kú. Lọ́jọ́ yẹn mo lọ o. Mo gbé garawa omi, ọṣẹ àti kànrìnkàn, mo dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta. Wọn ò jẹ́ kí n kọjá. Wọ́n fọ́n omi jáfẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i lára, wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn dì í, wọ́n sin ín. Àlùfáà tó ń ṣáájú ìrun wa ní Ọlọ́run kò bèèrè ohun tí yóò pa alààyè lọ́wọ́ wa. Òkèèrè la ti kírun sí i. Mo gbé omi mi padà sílé.

Wọ́n ní kí n dá wà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, bóyá ó ti ràn mí. Àràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ kan ọrùn ara mi wò. Ìyá oníbúrẹ́dì a máa ju búrẹ́dì sí mi láti òdìkejì ọ̀nà. Ọjọ́ náà ti pé, ara mi le, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ti sun ẹní Súlè. Mi ò lè gbé nǹkan kan sí ibi tó máa ń tẹ́ ẹ sí. Kò sí ẹni tó ń fi èdè Mahi ìlú rẹ̀ bú mi ṣeré mọ́, ó sì ń dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìyá mi, mo mọ̀ pé ẹ ò kọ òkú rí. Ṣùgbọ́n tí irú ibà ẹlẹ́jẹ̀ yìí bá pa ẹnikẹ́ni ní Bantè tàbí ní Atokoligbé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé ìwòsàn, kí ẹ dúró lókèèrè. Mo bẹ̀ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ gun alùpùpù zémìjàn lọ sí Savalou, ẹ bá mi rí ìyá Súlè ní ìsọ̀ iṣu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó palẹ̀ ọjà mọ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Yóò bi yín pé ta ló wẹ ọmọ òun. Ẹ má purọ́ fún un nítorí mi. Ẹ ní kò sẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé èmi ni ó kàn lọ́jọ́ Bàbá Lásísì. Tó bá fẹ́ ṣépè fún mi, ẹ má dá a dúró. Tó bá ní kí n wá, màá wá.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí oore tí ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣe má kó ikú wá bá yín.

Èmi ni Yìsá, ọmọ yín, tí ó kàn, tí kò lọ.