Òdo Tí Akọ̀wé Yín Kọ síbi Iye Ọmọ Mi

Ilé Adétóyè,
Ẹ̀yìn Stéṣọ̀n Rélùwéè,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1991.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ìrọ̀lẹ́ fún Òbí Ọmọ Òkè-Òkun,
Ìlọrin.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ Ọ̀GBẸ́NI DÚRÓTÌMÍ, TÍ Ó KỌ̀WÉ SÍ ÌLÚ ÒYÌNBÓ PÉ N KÒ BÍMỌ RÍ

Èmi ni Evelyn Àdìkẹ́ Adétóyè, aránṣọ, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀fà. N kò kọ ìwé yìí láti fi kí yín. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí, tí ó ń jókòó ní ọ́fíìsì yín ní Ìlemọnà, ló ba ayé mi jẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ tún un ṣe kí oṣù tí ń bọ̀ tó parí.

Ní 1964 ni mo bí Abọ́sẹ̀dé, àkọ́bí mi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá mi dùbúlẹ̀. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni mo lò ní ọsibítù, wọn kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ. Nọ́ọ̀sì Òyìnbó kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà ń padà sí ìlú wọn, ọkọ mi, tí gbogbo ayé ti sọ fún pé n kò ní yè é, tẹ̀ka sí ìwé pé kí ó máa mú un lọ. Èmi yè é, ọmọ ti lọ. Caroline ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì gbọ́. Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju kí n kí ènìyàn ní àárọ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá ni Caroline wá mi rí nípasẹ̀ ọ́fíìsì kan tí ó ń bá irú wọn wá òbí. Ó kọ̀wé pé òun máa wá bá mi ṣe Kérésìmesì ọdún yìí. Bí mo ṣe wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì yín ní Ọ̀fà nìyẹn. N kò ní purọ́, Alhaji Tàjùdéèn, tíṣà àfẹ̀yìntì tí ẹ fi síbẹ̀, mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, àwa àgbààgbà máa ń jókòó sórí àga àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mo ní kí Alhaji kọ́kọ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ pé, n kò jù ọ́ nù, àìsàn ni. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń sọ ọ́ sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi létí kí ó lè yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹta, Oṣù Keje, Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí kó fọ́ọ̀mù wá. Lójú gbogbo kíláàsì, ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo dá a lóhùn bí abiyamọ ṣe ń dáhùn, mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó tún bi mí. Mo ní wọ́n ń bẹ, a dúpẹ́. Ó ní ìjọba kò fẹ́ àlàfo nínú fọ́ọ̀mù, ó kọ òdo, ó sì ní kí n fọwọ́ sí i. Èmi rò pé àmì pé n kò ka ọmọ ni, mo fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọmọ Yorùbá ni Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí. Ká ní Òyìnbó ni, à bá ní kò mọ̀. Ṣé wọ́n ń ka òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹní ka iṣu ní ilé tí wọ́n bí i sí ni? Alhaja Ràfátù, tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní òkè-òkun, kò wá lọ́jọ́ náà rárá, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé yín. Èmi tí mo wá ni wọ́n yọ. Lọ́sẹ̀ kejì, akọ̀wé yín gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní kíláàsì òbí ni, kì í ṣe ti àgàn. Háà! Àgàn, lójú àwọn tí mo bá rán aṣọ ìsọmọlórúkọ!

Mo gbé ìyẹn mì. Àfi ìgbà tí lẹ́tà dé lóṣù tó kọjá. Akọ̀wé yín ti fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ti òkè-òkun. Alhaji Tàjùdéèn ló kà á fún mi, ó sì ní láti dúró lẹ́ẹ̀mejì nu ojú rẹ̀. Caroline ní wọ́n ti sọ fún òun pé obìnrin Ọ̀fà náà kò bímọ rí. Ó ní kí n má bínú pé òun yọ mí lẹ́nu, òun kò ní wá mọ́, òun á máa wá ìyá òun níbòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlemọnà. Ẹ̀ẹ̀kan ni Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí dá mi lóhùn. Ó ní ohun tí mo sọ ni òun kọ. Irọ́ gbuu ni! Bẹ́ẹ̀, ẹyin lohùn, èyí tó fọ́ yìí sì ti fọ́ sórí ọmọ mi.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ̀wé sí ọ́fíìsì òkè-òkun náà, tí ó jẹ́ pé ìwé ìgbìmọ̀ nìkan ló ń gbà gbọ́, kí oṣù Kọkànlá tó parí, kí ẹ sọ pé akọ̀wé yín ló ṣì í, kí ẹ sì dá mi padà sí kíláàsì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá dákẹ́, èmi á gbé ẹní mi wá síwájú ọ́fíìsì yín ní Ìlọrin.

Kí akọ̀wé yín má baà tún rí àlàfo: ọmọ márùn-ún ni mo bí. Ọ̀kan kú. Mẹ́rin wà láàyè, Abọ́sẹ̀dé ni àgbà wọn. Ìyá mi kò ka ọmọ rí títí ó fi wọ ilẹ̀, ìyá rẹ̀ náà kò kà á. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo ti kà wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣeun bí ẹ bá ṣe é.

Èmi ni tiyín nínú ìbànújẹ́,

Evelyn Àdìkẹ́ Adétóyè,
Ìyá Abọ́sẹ̀dé.