Ìwé Ìtàn Tí Mo Gé Bí Aṣọ Òfì

Sí ọmọ mi Tàíbátù, Àjọkẹ́ ọmọ ahunṣọ,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní àlàáfíà ní Niamey, Alihamudulilahi. Àwa náà wà níbí lábúlé, ìyá rẹ Hàbíbátù ò ṣàìsàn, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí oòrùn ibẹ̀ yẹn gbẹ ọ́ bíi kúndi. Àmín.

Nùrẹ́nì, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ ní ọjà Petit Marché, délé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun náà ni yóò sì ka lẹ́tà yìí sí ọ létí. Ó ní sójà ló ń ṣèjọba lọ́dọ̀ yín bíi tiwa, àti pé òkúta kan wà tí wọ́n ń wà ní aṣálẹ̀ yín, tí òyìnbó fi ń dá iná mànàmáná, òun ló jẹ́ kí owó pọ̀ nígboro. Àjọkẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta òkúta náà fún ọ pé kí o fi se ọbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí òkúta tó jó rí.

Ó wá jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Ó ní tísà obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn àgbà níwèé ní àdúgbò Boukoki sọ fún ọ pé bí lẹ́tà ṣe ń yí padà lójú rẹ, tí ìlà kan ń gun orí èkejì, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé orí rẹ kú. Bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn kan nìyẹn, àwọn Faransé sì ní orúkọ fún un. Ó ní o fẹ́ ka odindi ìwé ìtàn Yorùbá kan parí, èyí tí kò le, ṣùgbọ́n tó ń wọ àgbàlagbà lọ́kàn, torí èyí tí o rí, ìtàn ewúrẹ́ tó jẹ iṣu ni, ojú sì ń tì ọ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ mẹ́rin. Mo kọ́kọ́ rò pé iyanrìn ibẹ̀ ló kó sí ọ lójú, nítorí náà tìróò wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́. Máa lé e láràárọ̀.

Mo wọ mọ́tò lọ sí ilé ìtàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó ń tà á bi mí pé irú ìwé wo, mo ní èyí tó ń pa àgbà lẹ́kún. Ó gbé ìwé ìṣirò jáde. Mo ṣàlàyé fún un pé irú ẹkún yẹn kọ́. Ló bá fún mi ní ìtàn ìyá kan tí ogun yà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, tí àwọn méjèèjì wá ń tajà nínú ìsọ̀ tó dojú kọra, tí wọn ò sì mọ ara wọn. Èmi kì í fi ẹnu ọlọ́jà ra ọjà, mo ní kí Àbdùlkàdírì olùkọ́ wa kà á fún wa níbi òfì mi. Nígbà tó dé ibi tí ìyá yẹn ta iyọ̀ fún ọmọ náà, tó tún bu ènì fún un láìmọ ìdí, ìyá rẹ ti ń fi ìborùn nu ojú. Sùlù alápatà, tó ń dú màlúù láìṣẹ́jú, dìde, ó ní èéfín kó sí òun lójú. A ò dáná. Mo mọ̀ pé ìwé náà dára.

Ṣùgbọ́n ó nípọn, mo sì rántí bí o ṣe máa ń wo ilẹ̀kùn nígbà kékeré rẹ tí wọ́n bá ti gbé ìwé sí ọ lọ́wọ́. Mo rò ó títí. Ta ló ń hun aṣọ òfì ní fífẹ̀? Abala tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ la ń hun, ká tó rán an pọ̀ di agbádá. Ni mo bá mú ọ̀bẹ, mo gé ìwé náà sí abala mọ́kànlá, mo fi òwú rán ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òwú rẹ̀ ní kókó kan ni kí o kọ́kọ́ kà, oníkókó méjì ló tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ta ìwé náà ò gbọdọ̀ gbọ́. Mo fi abala òfì dúdú kan sí i, máa tẹ́ ẹ sábẹ́ ìlà tí o ń kà, kí àwọn ìlà yòókù má baà dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Má sáré, kò sẹ́ni tó dúró tì ọ́ pẹ̀lú pàṣán mọ́.

Pàṣán yẹn, ọwọ́ èmi ló wà. Mo nà ọ́ nítorí ìwé, mo sì pè ọ́ ní olódo níwájú èrò. O kì í ṣe olódo. Mo ṣẹ̀ ọ́, ó sì ń dùn mí, forí jì mí. Nùrẹ́nì, ka ibí yìí sókè, má fò ó.

Ẹrù Nùrẹ́nì ti kún, nítorí náà ni mo ṣe gbé páálí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, àti bó ṣe níye lórí tó. Mo kọ ọ́ pé ìtàn àti tìróò ni, ó sì pa àgbà méjì lẹ́kún, ọ̀kan jẹ́ alápatà. Akọ̀wé ibẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí, ó lù ú lóǹtẹ̀.

Bí Nùrẹ́nì bá tún ń bọ̀, fi owó díẹ̀ rán an, kí n fi ra awò, torí òwú kan ti ń di méjì lójú mi, kí ìyá rẹ náà sì rí nǹkan fi pa orúnkún. Ọlọ́run yóò bá ọ ṣí ọ̀nà, ọjà rẹ ò ní kùtà, àwọn ọmọ rẹ ò ní fojú di ọ́.

Bí o bá ka abala mẹ́wàá tán, má wá ìkọkànlá nínú páálí, ọwọ́ mi ló wà. Mo ní kí Àbdùlkàdírì dákẹ́ kó tó débẹ̀, èmi àti ìyá rẹ ò tíì mọ̀ bóyá ìyá yẹn mọ ọmọ rẹ̀. Sùlù ń bi wá lójoojúmọ́. Wá sílé nígbà Iléyá, kí o jókòó láàárín àwọn tó gbọ́ nígbà tí mo pè ọ́ ní olódo, kí o fi ẹnu ara rẹ kà á fún wa. Bó bá pẹ́, kó pẹ́. A ó dúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkànní ahunṣọ.